Ẹ̀yà Ara Tí Sàká Fi Ń Dọ̀bálẹ̀

Lọ́dún dumsɔ, ọdún tí iná ìjọba Ghana ń lọ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún tó sì ń dé fún méjìlá, ìròyìn kan gba ọjà Kantamanto ní Accra kan pé àwọn dókítà ti gé ẹ̀yà ara tí Sàká fi ń dọ̀bálẹ̀ dànù.

Ẹni tó bá rò pé àwàdà ni, kó lọ bi àwọn obìnrin tó ń ta ọṣẹ lẹ́bàá ojú irin. Wọ́n á ṣàlàyé fún un bí ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Wọ́n ní nínú ikùn ọmọ Yorùbá kọ̀ọ̀kan, lápá òsì, lábẹ́ egungun ìhà, ẹran kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń fa èèyàn wálẹ̀ bó bá ti fojú kan àgbàlagbà. Àwọn Ashanti ò ní in, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń bọ àgbà lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́ wọn. Òyìnbó ò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ti Sàká ni wọ́n yọ, wọ́n gbé e sínú ìgò, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà sì ń tò lọ wò ó lójoojúmọ́. Bí ọ̀gá wọn àgbà bá wọlé báyìí, ẹran náà á tẹrí ba nínú ìgò.

Ẹnu alárù kan ni Sàká fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Obìnrin náà ru béèlì, àpò aṣọ dídì, kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó fi ojú àánú wo ìhà rẹ̀ òsì, ó sì fi Hausa bi í pé ṣé òótọ́ ni wọ́n ti gé ọ̀wọ̀ rẹ̀ kúrò, àti pé ṣé ó dùn ún.

Sàká fọwọ́ bo ìhà náà. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Bàbá rẹ̀, tó ti kú, ti Ṣakí wá; ìyá rẹ̀, Àmúdà, ń ta ọṣẹ; Accra, ní Nima, ni wọ́n bí òun sí. Òkìrìkà ló ń tà, aṣọ tí àwọn ará Accra ń pè ní obroni wawu, ìyẹn aṣọ òyìnbó tó ti kú. Ọdún mẹ́wàá ló ti fi ń bá àwọn oníbàárà jà lórí bóyá aṣọ jẹ́ ojúlówó tàbí ayédèrú. Kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n máa yẹ òun fúnra òun wò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sì ń bí i nínú jù ni pé ìròyìn náà kì í ṣe irọ́ tán. Ká ní irọ́ pọ́ńbélé ni, ì bá ti bú wọn kó sì sùn dáadáa.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní Kantamanto, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan béèlì tuntun ló ń kọ́kọ́ ná an. Ìdí nìyẹn tí Sàká àti Ikrimah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ìsọ̀ àwọn méjèèjì fara kanra, fi máa ń sún mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹni fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù Kejìlá, béèlì jíìnsì kan, tó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ, já bọ́ látorí ọkọ̀. Ikrimah sá. Sàká, tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí béèlì náà lára bóyá ìlú tó dáa ló ti wá, kò sá.

Ìhà òsì ló bà. Sàká dìde, ó gbọn eruku nù, ó ní kò sí nǹkan. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n dín owó béèlì náà kù, pé èyí tó bá ti lu èèyàn, ó ti di àlòkù lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó máa fi tó wákàtí kan, èjìká òsì ti ń ro ó, òógùn tútù bò ó, ó sì rọra jókòó sórí ẹrù ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ kí àwọn tó kọ́kọ́ ni aṣọ wọ̀nyẹn.

Ikrimah bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn tó ń ta iṣu ní Agbogbloshie gbọ́, wọ́n rò pé ọkọ̀ ti Tamale dé ni.

Nílé ìwòsàn, dókítà tó gbà á ni Dókítà Ayikwei, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ga ju òun alára lọ. Ó fi Twi ṣàlàyé fún Àmúdà pé ọlọ inú Sàká ti fọ́. Ohun kan báyìí ni, tí kò ju ìkúùkù lọ, tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹní ń sẹ́ ògì, tó sì rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì.

“Ẹ rán an fún un,” ni Àmúdà wí.

“Màámi, ṣé ẹ ti rí ẹni tó rán búrẹ́dì inú tíì rí? Yíyọ la máa yọ ọ́. Èèyàn lè wà láàyè láìní in.”

“Tí èèyàn bá lè wà láàyè láìní in, kí ni Ọlọ́run wá fi í síbẹ̀ fún?”

Dókítà Ayikwei wo aago. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dà sínú ikùn Sàká lásìkò ìbéèrè yẹn pọ̀ ju èyí tó kù lára rẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n tì í wọlé.

Wọ́n ti ṣí i, dókítà ti fi ìka di iṣan tó ń da ẹ̀jẹ̀ mú, ni iná bá lọ. Ẹ̀rọ amúnáwá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ronú sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kó tó wá dìde. Ogún ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́nu Ikrimah, tí kò sí níbẹ̀, ó ti di wákàtí méjì, tí wọ́n ń fi iná fóònù ṣiṣẹ́, tí nọ́ọ̀sì kan sì ní bátìrì òun ti ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé dókítà ò tú ìka sílẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn. Ó yọ ọlọ inú náà, ó so iṣan, ó rán ikùn.

Kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ tán nígbà tí ikùn Sàká tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Iṣan kékeré kan ti yọ́ kúrò nínú okùn. Wọ́n tún ṣí i.

Ẹ̀jẹ̀ ń tán lọ. Ilé ìwòsàn ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá fi tiwọn dípò. Mọ́kànlá ló wá láti Kantamanto: Ewe, Ashanti, Ga, Hausa, gbogbo Ghana pátá. Ikrimah ló ṣáájú wọn, ó káwọ́ ẹ̀wù sókè, ó ní kí wọ́n fà á tán. Abẹ́rẹ́ ò tíì jáde nínú ọ̀rá tó ti ṣubú, tí wọ́n fi ní láti wá bẹ́ẹ̀dì fún òun náà. Láti ọjọ́ náà ni Sàká ò ti lè bínú mọ́ ní Kantamanto. Bó bá ti gbé ohùn sókè, aránṣọ kan ní òdìkejì á rẹ́rìn-ín pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ló ń bínú yẹn.”

Òsúkè ló tẹ̀ lé e. Omi ti gbára jọ síbi tí ọlọ inú ti kúrò, ó ń ta awọ tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró jí, Sàká sì ń sé òsúkè láti àárọ̀ dé alẹ́ bí alángbá tó ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Wọ́n ki ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìhà rẹ̀ kí omi náà lè máa ṣàn jáde. Dókítà kìlọ̀ fún un: kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan, bó bá fẹ́ wúkọ́, kó kọ́kọ́ gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn. Sàká gbọ́, ó ní òun á ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì, tí Alhaji Adéògún wọlé wá kí i.

Kò sí ẹni tí kò mọ Alhaji Adéògún nínú àwọn Yorùbá Accra. Ọmọ Ọ̀fà ni, mílíìkì àti tòmátò inú agolo ló ń tà ní Tudu, ogójì ọdún ló sì ti fi ń kéde pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Ghana ò mọ ilẹ̀. Ìkíni ló fi ń wọn ènìyàn. Méjì nínú àwọn tó wá tọrọ ọmọ rẹ̀, Nàfísátù, ló ti lé lọ: ọ̀kan fọwọ́ kan orúnkún lásán, èkejì na ọwọ́ sí i, ó ní “Daddy, how far?” Wọ́n ní ẹni kejì yìí ṣì ń sá títí di òní olónìí.

Nàfísátù yìí gan-an ni Sàká fẹ́ fẹ́.

Alhaji dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ mọ́ra. Àmúdà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sọ nǹkan kan. Ìyá Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ níwájú àlejò. Ojú ló fi ń sọ ọ́, ojú yẹn sì ti lé Sàká dìde lórí oúnjẹ, lórí oorun àti lórí bọ́ọ̀lù láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjì. Kó tó rántí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán òun ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ó kó rọ́bà ìhà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì.

Ó gbọ́ ọ. Ṣàráà. Ìró yẹn kò ṣàjèjì sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni béèlì ń dún bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ la àpò rẹ̀.

“Ọlọ́run á wò ọ́ sàn, ọmọ mi,” ni Alhaji wí, inú rẹ̀ dùn. Ó ṣí àdúrà. Ó gbàdúrà fún ara Sàká, ó gbàdúrà fún òkìrìkà, ó dé Mẹ́kà, ó padà, ó yà ní Kumasi kí àbúrò rẹ̀ kan, ó bẹ Ọlọ́run kó bá ìjọba dá iná padà. Sàká ń ṣe àmín nílẹ̀, òsúkè ń já àmín náà sí méjì méjì, ohun kan sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ sábẹ́ ikùn rẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi.”

“Ẹ máa lọ, sà,” ni Sàká wí sínú táìlì. “N ó máa fi ìdọ̀bálẹ̀ sìn yín.”

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Alhaji. Ó jáde lọ, ó ń mi orí, ó sì sọ ọ́ ní Tudu, ó sọ ọ́ ní mọ́sálásí, pé òun ti rí ọmọ kan ní Ghana tó mọ ilẹ̀, pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù ló ti kí òun, kò sì fẹ́ dìde.

Kò fẹ́ dìde lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó rí i, ó fi igbe ta, ó ń fi Twi bi ọmọ Yorùbá yìí pé kí ló ń ṣe: “Ei, Alata! Woreyɛ dɛn?” Ó rí ohun tó ń ṣàn lórí táìlì, kò dúró gbọ́ ohun tó ń ṣe mọ́. Wọ́n tún tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ìgbà kẹta láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.

Dókítà Ayikwei ò bínú. Ó ti kọjá ìbínú, ó ti dé ibi tí ẹnu ti ń wọ́. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣí ọmọkùnrin yìí,” ló sọ fún Àmúdà. “Ṣé kí n kúkú ran síìpù mọ́ ọn ni?” Ó kọ ìwé kan, ó lu òǹtẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì: kò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe Ààrẹ, títí òun fúnra òun yóò fi ní ó yá.

Sàká ò tíì jí dáadáa tí ìyá rẹ̀ fi tẹ̀ sí i létí.

“Alhaji ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o.”

“Màámi, kí ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́?”

“Pé kíkí òun ló fa ikùn ọmọ ọlọ́mọ ya. Ojú á tì í. Ẹni tí ojú bá sì tì nítorí rẹ, ṣé ó máa wá fún ẹ lọ́mọ? Gbé e mì.”

“Ẹ̀yin lẹ wò mí lójú!”

“Ṣé mo sọ̀rọ̀?”

Sàká gbé e mì, òsúkè gbé e padà, ó tún gbé e mì.

Oṣù kejì ló padà sí Kantamanto, tòun ti ìwé olóǹtẹ̀ nínú àpò, abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́tùn-ún lósì, àti ìkìlọ̀ pé ibà kékeré báyìí kì í ṣe ibà kékeré mọ́ fún ẹni tí kò ní ọlọ inú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, orí àga ló jókòó sí kírun, bí Ìmáàmù ti yọ̀ǹda fún un. Bí wọ́n ti ń jáde, òun àti Alhaji Adéògún ko ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Sàká dúró ṣánṣán, ó fọwọ́ lé àyà.

“Ẹ káàsán, sà.”

Alhaji dúró. Ó wo ilẹ̀ níwájú rẹ̀, bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Ó wo Sàká lókè. Ó tún wo ilẹ̀. Sàká na ìwé dókítà sí i. Alhaji kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó dúró. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ní Sàká ti di agbéraga. Ọ̀rọ̀ náà dun Àmúdà. Ó fẹ́ gbèjà ọmọ rẹ̀ láìtú àṣírí, ló bá sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà ọṣẹ pé kì í ṣe ìgbéraga rárá, pé ohun tí wọ́n yọ nínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni. Ọjọ́ kejì, wọ́n ti wá ìgò fún un.

“Màámi, ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀!” Sàká ké nígbà tó tọpa rẹ̀ dé orísun.

“Ṣé irọ́ wà níbẹ̀? Wọ́n yọ nǹkan, wọn ò yọ nǹkan?”

“Wọ́n yọ ọ́.”

“O lè dọ̀bálẹ̀, o ò lè dọ̀bálẹ̀?”

“Mi ò lè dọ̀bálẹ̀.”

“Ó tán,” ni Àmúdà wí, ó sì ń bá ọṣẹ rẹ̀ lọ.

Ní Circle, níbi tí Nàfísátù ti ń ta àpò fóònù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba iná sí i, ọ̀rọ̀ náà kò dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Bàbá mi ní òun ò ní fọmọ fún òpó iná,” ni Nàfísátù sọ fún un. “Wọ́n tún ní lọ́dún tá a wà yìí, òpó iná ò tilẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ sọ?”

“Mo ní òpó iná tí mo mọ̀ ni. Sàká, kí ló ṣe ẹ́ gan-an? Sọ fún mi, kí n rí nǹkan bá wọn jà.”

Sàká rántí ìyá rẹ̀. Ó ní dókítà ló ní kí òun má tẹ̀ ba. Nàfísátù wò ó bí ẹni tó ń wo fóònù tí wọ́n ní ó jẹ́ tuntun.

Síbẹ̀, ọjọ́ ìdána tí Alhaji ti dá fún wọn lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀ ọsibítù kò yẹ̀: Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn ṣáájú Ràmàdáánì. Alhaji ní òun ti fún wọn lọ́rọ̀, òun ò ní kó ọ̀rọ̀ òun jẹ. Ṣùgbọ́n bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe é náà ni wọ́n máa ṣe é. Ọkọ ìyàwó á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna, àyà kan ilẹ̀. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀, kó máa kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Ikrimah lọ bẹ̀ ẹ́ ní Tudu. Ó ní òun ti ṣe tán láti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan fún ara òun, ẹ̀ẹ̀kan fún Sàká.

Alhaji rò ó wò. “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Tó bá wá di alẹ́, ṣé ìwọ náà lo máa bá a wọ yàrá?”

Ikrimah wá ọ̀nà ilé.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Sàká padà lọ bá Dókítà Ayikwei. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní kó wúkọ́, ó ní kó dùbúlẹ̀ kó dìde. Ó rẹ́rìn-ín, ohun tí Sàká ò tíì rí rí. “Ó ti jinná. Máa fi ikùn sùn. Máa yí gbirigbiri tó o bá fẹ́. Béèlì nìkan ni kó o ṣì yẹra fún.”

Ó yẹ kó sáré lọ sí Tudu. Kò lọ. Ó lọ sílé, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́ fóòmù sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ dán an wò. Ó fọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àyà rẹ̀ ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí fóòmù, ó gbọ́ ọ létí: ṣàráà. Ó fò dìde, ó ká ẹ̀wù, ó wo ojú àpá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òógùn bò ó. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, ìbú àtẹ́lẹwọ́ yẹn náà ló ń dá a padà, bí ẹni pé ẹnì kan dùbúlẹ̀ sáàárín òun àti ilẹ̀. Kò sọ fún ìyá rẹ̀, kò sọ fún Ikrimah. Ìwé dókítà ti kú, ó ṣì ń mú un káàkiri nínú àpò bí ẹni tó ń fi ìwé ọkọ̀ ọdún tó kọjá gba iwájú ọlọ́pàá.

Ọjọ́ ìdána pé. Àgbàlá Alhaji ní Nima kún dẹ́múdẹ́mú. Ìdajì wá nítorí Nàfísátù, ìdajì yòókù wá wo ẹni tí wọ́n yọ ẹ̀yà ara ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀. Sẹ̀gilọlá, alága àwọn ìdílé ìyàwó, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó pè wọ́n wọlé.

“Ọkọ ìyàwó, ilẹ̀ rèé o! Ilẹ̀ kì í jẹni!”

Ikrimah àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́fà lulẹ̀ gbì. Ẹni kan ló ṣẹ́kù lórí ìdúró láàárín wọn, nínú agbádá funfun.

Ẹnì kan rojọ́ lẹ́yìn pé, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ẹ ò gbọ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ ni?” Obìnrin kan ní òun mọ ẹni tó ti fojú rí ìgò náà.

Alhaji dìde lórí àga. Kò pariwo.

“Mo ní ọmọ kan tó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí táìlì ọsibítù. Mo fi í yangàn káàkiri ìlú yìí. Níbo lọmọ yẹn wà? Kí ni mo ṣe fún un?”

Sàká yíjú, ojú rẹ̀ bá ti ìyá rẹ̀ pàdé. Àmúdà ti ń wò ó. Ojú yẹn ní kó bọ́ sílẹ̀, ó sì tún ní kó pa ẹnu mọ́. Nàfísátù wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ìbòrí rẹ̀ ti yọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Sàká mú ojú kúrò lára ìyá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ dákun,” ló wí, “ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe, ó ti wọ́ jù. Kò sí nǹkan kan nínú ìgò. Ọlọ inú ni wọ́n yọ, béèlì ló fọ́ ọ, kò sì kan ìkíni. Ẹni tí wọn ò bá yọ tirẹ̀ níbí, ó wà lábẹ́ ìhà rẹ̀ òsì, kó fọwọ́ bà á, kó wò ó bóyá ó kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀.” Àwọn kan fọwọ́ bà á lóòótọ́. “Ìdọ̀bálẹ̀ tí mo ṣe fún yín ní ọsibítù, òun ló já ojú ìrán mi. Kò tíì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí wọ́n rán mi. Nígbà tẹ́ ẹ ń gbàdúrà lórí mi, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn lábẹ́ mi. Ìyẹn ni mi ò ṣe lè dìde. Ẹ jáde tán ni wọ́n gbé mi lọ tún là.”

“Yéè!” Sẹ̀gilọlá gbàgbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́nu. Àmúdà fi ìborùn bo ojú.

“Mi ò tíì parí rẹ̀, bàbá. Dókítà ti ní mo lè dọ̀bálẹ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ kan rèé. Ìwé tí mo ń mú káàkiri, irọ́ ló ti ń pa. Kì í ṣe ara mi ló kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá ti sún mọ́ ilẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ya. Mo fẹ́ Nàfísátù ju bí mo ṣe lè sọ lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ilẹ̀ ń bà mí.”

Alhaji wo ilẹ̀ níwájú Sàká.

“Àdúrà yẹn gùn,” ló wí níkẹyìn.

“Ó gùn, sà.”

“Mo yà ní Kumasi.”

“Ẹ yà níbẹ̀, sà.”

Alhaji sọ̀ kalẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì í mú ní ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni tó di ẹyin mú, ó sì mú un lọ jókòó sórí àga ara rẹ̀. “Ó ti dọ̀bálẹ̀,” ló sọ fún gbogbo ilé. “Mo wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tún ní kí ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀, èmi ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ fún. Nàfísátù, wá mú ọkọ rẹ.”

Nàfísátù wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí Sàká: “Oṣù márùn-ún! O jẹ́ kí n máa gbèjà òpó iná fún oṣù márùn-ún!”

Sàká ò tíì rí ọ̀nà dá a lóhùn tí Sẹ̀gilọlá ti rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ padà. “Ẹ bá mi kí i o!” ló ń lọgun. “Ọkọ ìyàwó tó fi ìfun kí àna rẹ̀! Ìfun jáde, ó na gbalaja lórí táìlì, ó ní ẹ kú àbọ̀! Igba ojú ìrán ni wọ́n fi kó o padà!” Àgbàlá hó yèè. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ti ń sọ ọ́ sórí fóònù fún ará Kumasi pé ìgbà méje ni wọ́n là á.

Sàká dìde lórí àga Alhaji, ó sì gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Sẹ̀gilọlá.

“Ìfun kankan ò jáde!” ló wí. “Ojú ìrán mọ́kànlélógún ni! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n là mí, kì í ṣe ìgbà méje, ọjọ́ Àlàmísì ni mo dọ̀bálẹ̀, ọ̀sán gangan! Ẹni tí ò bá gbà mí gbọ́, kó wá kà á.” Ó sì ká agbádá funfun náà sókè níwájú àwọn àna, kí wọ́n lè máa kà.